Púdìn Kérésìmesì Nínú Ìkòkò Mọ́ínmọ́ín

Ohun tó bàjẹ́ gan-an

Kí n tó sọ ti ìkòkò tó jóná nígbà tí mo ń se púdìn Kérésìmesì, oúnjẹ dídùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi èso gbígbẹ sè, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ tún ṣe. Kérésìmesì ilé mi ló bàjẹ́.

Ní ọdún 2023, ní London níbí, tọkí tí wọ́n ti sè tán la rà. A ra kéèkì. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù pàápàá, ọwọ́ obìnrin kan tó ń sè é tà la ti gbà á. Aago méjì ọ̀sán kò tíì lù tí a ti jẹun tán. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá ń gbé London mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kì í rìn lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọkọ̀ ojú irin kì í rìn. Ìta a pa lọ́lọ́ bí àdúgbò tí orò fẹ́ jáde. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú tẹjú mọ́ fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, wò mí lójú, ó ní: "Dádì, ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, láti oṣù kẹwàá ni Kérésìmesì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa, lọ́jọ́ tí bàbá mi bá gbé adìyẹ wọlé tó sì so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwa ọmọ la ó máa fún un lágbàdo. A ó sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá a ó sunkún rẹ̀, lọ́jọ́ kejì a ó jà lórí itan rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ṣin-ṣin wà láti pò àti láti gé, télọ̀ wà tí a ó máa lọ jókòó tì kó má baà fi aṣọ wa ṣe tẹ̀yìn, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń bó. Kí ọjọ́ náà tó pé, a ti gbádùn rẹ̀ dé ìdajì. Níbí, ìparí rẹ̀ nìkan la ń fowó rà.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ni mo ń wá, tí yóò gbà wá ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí ọwọ́ gbogbo ilé yóò sì kàn án. Màmá ilé kejì wa ló fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Láti ọjọ́ tí a ti kó dé ni mo ti ń pè é ní "Mama", ó sì ń jẹ́. Ó ní nílé ìyá òun, púdìn ló máa ń ṣí ọ̀nà fún Kérésìmesì, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ọjọ́ náà tó pé.

Mo bi í bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó ní a kì í yan án bíi kéèkì. A ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó rọ ọ́ sínú abọ́, a ó de ẹnu abọ́ náà pinpin, a ó gbé e sínú ìkòkò omi, ooru omi ni yóò sè é fún wákàtí mẹ́jọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mọ́ínmọ́ín ni Mama ń júwe yìí! Ìyá mi ta mọ́ínmọ́ín ní Mọ́kọ́lá fún ọdún méjìlélógún. Iye ewé tí mo nù kí n tó lọ sílé ìwé kò lóǹkà. Mo ní èyí á rọrùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

1. Ìrajà

Àṣà wọn ni pé kí èròjà rẹ̀ pé mẹ́tàlá, ti Jésù àti àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Èyí ni mo kọ sílẹ̀ fún abọ́ kan tó gba lítà 1.2:

Èso àjàrà gbígbẹ oríṣi mẹ́ta (sọ́tánà gíráàmù 200, rééṣìnì 150, kọ́ráǹtì 100). Búrẹ́dì àná tí a rún, gíráàmù 100. Fúláwà tó ń wú fúnra rẹ̀, 75. Ọ̀rá màlúù, 100. Ṣúgà dúdú, 175. Ẹyin ńlá méjì. Ápù kan tí a rin. Ọsàn kan, a ó rin èèpo rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀. Ọ̀fíọ̀, 40. Bíà dúdú, mìlílítà 125. Ìkẹtàlá ni àwọn èròjà olóòórùn: ṣíbí tíì kan àti ààbọ̀, tí mo kà sí ẹyọ kan kí ìṣirò lè bá àpọ́sítélì mu.

Ọ̀rá yìí, èyí tó le tó yí kíndìnrín màlúù ká ni. Wọ́n ń tà á nínú páálí, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì. Ẹni tí kì í jẹ ẹran lè ra irú rẹ̀ tí wọ́n fi òróró ewéko ṣe.

Álímọ́ńdì ló yẹ kó wà níbi tí mo fi ọ̀fíọ̀ sí. Ọ̀fíọ̀ ni mo rí rà ní Rye Lane ní Peckham, ní London níbí, òun ni mo sì fẹ́ràn. Ibẹ̀ náà ni mo ti ra ariwo, tí àwọn ará Íbò ń pè ní ehuru, mo sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ kànáfùrù, atalẹ̀ àti sínámọ́nì. Ọ̀rọ̀ ariwo yìí ní ìtàn. Ní 1927, ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Empire Marketing Board polówó púdìn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì káàkiri, wọ́n ní kí gbogbo èròjà rẹ̀ ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn wá: kànáfùrù láti Zanzibar, ọtí ráọ̀mù láti Jàmáíkà, èso àjàrà láti Ọsirélíà. Mo wo àkọsílẹ̀ náà títí, n kò rí Nàìjíríà níbẹ̀. Ó dára. Mo fi tiwa sí i fúnra mi.

Iye tí mo ná: abọ́ àmọ̀ funfun méjì, pọ́ùn 12. Èso gbígbẹ, 9.60. Ọ̀rá páálí méjì, 3.20. Ṣúgà, fúláwà, ẹyin, búrẹ́dì, ápù àti ọsàn, 6.10. Ọ̀fíọ̀ àti ariwo, 5. Ewé mọ́ínmọ́ín ìdì kan, 4. Bíà, 1.90. Bùràńdì ìgò kékeré, 9. Bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, fọ́ìlì àti okùn òwú, 4.20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 55. Ẹ mọ̀ pé nígbà náà, ní 2024, a lè rí púdìn tó ti jinná rà ní pọ́ùn mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá jẹ́ pé jíjẹ nìkan ló fẹ́, kó yáa lọ ra tiẹ̀.

2. Ìgbìyànjú kìíní: Sátidé, 9 oṣù kọkànlá, 2024

Mo ti iṣẹ́ òru dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Mo ní kí n tètè ṣe é kí àwọn ará ilé tó jí, kí n fi yà wọ́n lẹ́nu. Ìkejì nìyẹn, iṣẹ́ tí mo ń wá kí gbogbo wa lè jọ ṣe, èmi nìkan ni mo dá a ṣe ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jalè.

Mo po gbogbo rẹ̀, mo rọ ọ́ kún abọ́ dé ẹnu. Mo na fọ́ìlì lé e lórí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ìlù, mo so ó. Mo gbé abọ́ náà kalẹ̀ sínú ìkòkò tààrà, mo da omi sí i títí ó fi kù díẹ̀ kó kan fọ́ìlì. Mo tan gáàsì. Mo fi aago sí fóònù pé kó jí mi lẹ́yìn wákàtí méjì, mo sì na ẹ̀yìn sórí àga.

Fóònù náà ò dún. Mo ti pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ibi iṣẹ́.

Òórùn ló jí ìyàwó mi lókè, òun ló wá jí mi. Omi ti gbẹ tán, ìdí ìkòkò ti dúdú, abọ́ ti la tínrín láti ìdí dé ẹnu bí irun. Nígbà tí a ṣí i, ìyanu ló jẹ́: orí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ mímu, ìdí rẹ̀ jẹ́ èédú. Omi tó ń hó ti kọ́kọ́ fò wọnú rẹ̀ lókè, nígbà tí omi sì tán, iná ti mú un nísàlẹ̀. Nǹkan kan náà, ó rì, ó tún jóná.

Àárín rẹ̀ ṣeé jẹ bíi ṣíbí mẹ́rin. Adùn rẹ̀ dára, èyí ló fún mi nígboyà. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni mo da ọ̀fíọ̀ sí i. Ìyàwó mi rún un lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó ní: "Bàbá wọn, ṣé òkúta lẹ fi sí i ni?"

Ìkòkò tuntun, pọ́ùn 18. Abọ́ tuntun, 6. Pọ́ùn 79 nìyẹn, a ò sì tíì ní púdìn.

3. Ìpè sí Ìbàdàn

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo pe ìyá mi. Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Àkànní, wákàtí mélòó lo sùn?"

"Bíi mẹ́ta àtààbọ̀, mà."

"Ta ló ń gbé mọ́ínmọ́ín kaná tó ń lọ sùn? Ó dáa. Kí lo tẹ́ sí ìdí ìkòkò?"

"N ò tẹ́ nǹkan kan, mà."

Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí fi ń to igi ewé sí ìdí ìkòkò lójú mi, kí ewé má baà kan iná. Ojú mi wà níbẹ̀, ọkàn mi kò sí níbẹ̀.

Ó wá to tiẹ̀ fún mi. Tẹ́ nǹkan sí ìdí ìkòkò. Má ṣe bù ú kún. Bó o bá ń ṣẹ́ ewé, ṣé o ò rí i pé mo máa ń fi àyè sílẹ̀ fún un láti wú? Omi kò gbọdọ̀ dé ibi tí yóò ti lè fò wọ ẹnu rẹ̀. Bí omi bá sì ń lọlẹ̀, omi gbígbóná ni kó o bù sí i, kì í ṣe tútù. Omi tútù ló ń jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín dákẹ́ láàárín, kó jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má jinná nínú.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá Mama nílé kejì. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni, àfi pé àwọ̀ tí wọ́n fún un níbí ló yàtọ̀. Dípò igi ewé, da ojú sọ́sà kan dé ìdí ìkòkò. Dípò ewé ṣíṣẹ́, fi bébà àti fọ́ìlì bò ó, kó o sì pa wọ́n po láàárín, kí ibi tí o pa po náà fẹ̀ tó ìka méjì. Bí púdìn bá ń wú, ibẹ̀ ni yóò máa tú. Omi kò gbọdọ̀ ju ìdajì abọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí ìyá mi kò sọ: ju owó wẹ́wẹ́ kan sínú omi, sábẹ́ sọ́sà. Bí omi bá ń hó, owó náà yóò máa lu sọ́sà. Bó bá dákẹ́, omi ti tán.

4. Sọ́ńdè tí wọ́n ń rò ó: 24 oṣù kọkànlá

Ọjọ́ tó wà fún iṣẹ́ yìí ní orúkọ: Stir-up Sunday, Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn kí Ádífẹ́ǹtì, ìgbà ìmúrasílẹ̀ fún Kérésìmesì, tó bẹ̀rẹ̀. Inú Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ni orúkọ náà ti wá. Àdúrà ọjọ́ náà ń bẹ Olúwa pé kó ru ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "stir up" tí wọ́n sì lò fún "rú" níbẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń lò fún kí a ro nǹkan nínú ìkòkò. Àwọn ìyálé wọn gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rántí púdìn. Ìjọ yìí náà la fi tọ́ mi dàgbà, irú àwàdà yìí yé mi dáadáa.

Lálẹ́ Sátidé mo ti da èso àjàrà gbígbẹ sínú bíà àti omi ọsàn. Ọ̀fíọ̀ ti wà nínú omi láti àárọ̀ Sátidé náà. Mo gún un díẹ̀, kì í ṣe kúnná. Mo sọ òṣùwọ̀n tí mo kọ sókè di méjì àtààbọ̀: abọ́ méjì, ìyókù fún ewé.

Bí a ṣe da wọ́n pọ̀: àwọn ohun gbígbẹ lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rá lé e, lẹ́yìn náà ápù àti èso tó ti mu bíà yó, ẹyin tí a ti lù ló kẹ́yìn. N kò fi ṣíbí igi tí Mama gbé wá rò ó. Ọmọrogùn àmàlà ìyàwó mi ni mo mú. Mama yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò rí ṣíbí tó lágbára tó báyìí rí.

Àṣà wọn ni pé láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni kí a máa rò ó, nítorí àwọn amòye tó wá kí Jésù. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Níbo ni ìlà-oòrùn wà nínú ilé ìdáná? Ọmọbìnrin mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, yọ fóònù, ó fi wá ọ̀nà, ó ní fíríìjì ni ìlà-oòrùn. Nítorí náà, láti fíríìjì sí fèrèsé la ń rò ó. Kálukú rò ó nígbà mẹ́ta, ó sì tọrọ nǹkan nínú ọkàn rẹ̀. Àbíkẹ́yìn tọrọ tirẹ̀ sókè: ajá. Kò sí àṣà tó lè mú un ṣẹ.

Bí ó ṣe yẹ kó ki: kó rọ̀ ju ìyẹ̀fun ṣin-ṣin lọ dáadáa, kó sì ki ju ẹ̀wà lílọ̀ mọ́ínmọ́ín lọ. Bù ú sínú ṣíbí, dojú ṣíbí dé, kà á dé méjì. Kó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, "pọ̀ọ́". Tiwa kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ṣíbí ni, kò já. Mo fi bíà ṣíbí mẹ́ta sí i, ó já. Òórùn ariwo gba ilé kan.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ṣe iṣẹ́ tó le jù: òun ló fi ìka di kókó okùn mú nígbà tí mo ń so ó. Mo fi bọ́tà pa inú abọ́, mo gé bébà róbótó sí ìdí rẹ̀ (ti abọ́ kìíní nìkan, mo gbàgbé ti ìkejì, ẹ óò rí ẹ̀san rẹ̀). A bù ú dé ibi tó ku ìka méjì kó kún. Bébà, fọ́ìlì, a pa wọ́n po láàárín, okùn lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ etí abọ́, a sì gbé okùn kan kọjá lókè bí ìfà garawa. Ẹ má ṣe fo ti ìfà yìí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ lásán yọ abọ́ gbígbóná láti inú ìkòkò jíjìn rí yóò mọ ìdí.

5. Wákàtí mẹ́jọ

Aago méjìlá ọ̀sán la gbé ìkòkò méjèèjì kaná, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọn yóò tó jinná.

Owó pẹ́ńsì méjì ni mo jù sábẹ́ sọ́sà kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀: jan-jan-jan-jan nínú ìkòkò ńlá, tin-tin-tin nínú kékeré, bí omele méjì tí kò gbọ́ ara wọn yé. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ó fẹ́ ya wá ní wèrè. Lẹ́yìn náà etí gbà á. A pín iṣẹ́ náà, kálukú wákàtí kan, ẹni tó bá kàn ni yóò jókòó tì í, tí yóò sì bu omi gbígbóná láti inú kẹ́túlù, bí ìdajì lítà ní gbogbo ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

Ẹ má rò pé fóònù pòórá o. Àgbà gbé tirẹ̀ wá sí ilé ìdáná ni, ibẹ̀ ló ti ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ibẹ̀ ló wà. Gíláàsì fèrèsé ti kún fún ooru, ọmọ ń fi ìka yàwòrán sí i, ìyàwó mi gé ẹ̀fọ́ ọ̀la síbẹ̀, Mama sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe jẹ bébà ìdí púdìn mọ́ ọn lọ́dún kan tí kò sí ẹni tó sọ fún un. Ilẹ̀ ṣú níta ní aago mẹ́rin, bó ṣe ń ṣú lójoojúmọ́, n kò tilẹ̀ mọ̀ ìgbà tó ṣú.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún mo wà lókè, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin mi ké: "Dádì! Owó ti dákẹ́!"

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ìkòkò kékeré ni. Omi kù bí ìka kan nídìí rẹ̀. Ó ti bu omi sí i kí n tó dé.

6. Ti ewé

Èyí ni mo fọkàn sí jù, òun ló sì já mi kulẹ̀. Ẹyọ márùn-ún ni mo pọ́n sínú ewé, mo ṣẹ́ wọn bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo tò wọ́n sínú ìkòkò kẹta fún wákàtí méjì àtààbọ̀. Wọ́n jinná. Òórùn ewé wọ inú ṣúgà dúdú lọ́nà tí n kò lè ṣàlàyé. A jẹ mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú mílíìkì inú agolo. Mama jẹ odidi kan, ó ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń ṣẹ́ ewé.

Mo tọ́jú méjì de Kérésìmesì. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, wọ́n ti bu, funfun bálabàla lára ewé. Mo dà wọ́n nù. Ewé ń di omi mú, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ wọlé. Abọ́ tí a dè pinpin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi. Ó ní, "Ta ló ń tọ́jú mọ́ínmọ́ín fún ọ̀sẹ̀ méjì?" N kò ní èsì.

Ti ewé, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

7. Ìpamọ́

Nígbà tí abọ́ méjèèjì tutù tán, a ṣí wọn, a fi bébà àti fọ́ìlì tuntun dè wọ́n, nítorí àwọn ti àkọ́kọ́ ti rẹ. Abẹ́ àtẹ̀gùn la kó wọn sí, ibẹ̀ ló tutù jù tí kò sì sí ìmọ́lẹ̀. Ní gbogbo Sọ́ńdè, àbíkẹ́yìn a lọ gbọ́ òórùn wọn, a sì wá jíṣẹ́ fún wa.

8. Ọjọ́ Kérésìmesì

Abọ́ kejì ni mo gbé, n kò sì rántí pé òun ni kò ní bébà nídìí. Wákàtí méjì lórí ooru omi, ó gbóná dé inú. Mo fi ọ̀bẹ yí etí rẹ̀ ká, mo dà á dé sórí àwo, mo gbọ̀n ọ́n. Kò bọ́. Mo tún gbọ̀n ọ́n. Ó bọ́, ó sì fi ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé sílẹ̀ sínú abọ́. Mo fi ṣíbí ha á, mo lẹ̀ ẹ́ padà bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Ìyàwó mi rí mi. Kò sọ̀rọ̀.

Ó ku iná. Àṣà wọn ni pé kí a da bùràńdì lé e lórí kí a sì ṣáná sí i. Mo pa iná ilé, gbogbo wọn dúró yí tábìlì ká, ìyá mi wà lórí fóònù tí àgbà gbé lọ́wọ́. Mo bu bùràńdì láti inú ìgò tó ti wà lójú fèrèsé láti àná, mo dà á, mo ṣáná. Ó kú. Mo tún ṣá òmíràn. Ó kú. Ìkẹta jó mi níka.

Mama ní, "Ṣé o yá a lórí iná?" N kò yá a. Ọtí tó tutù kì í gbiná. Ooru rẹ̀ tó gòkè ló ń jó, kì í ṣe omi rẹ̀. Bí ẹ óò ṣe ṣe é rèé: ẹ bu ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta sínú páànù kékeré, ẹ yá a lórí iná jẹ́jẹ́ títí ooru yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ lójú rẹ̀, kó má hó. Ẹ pa gáàsì, ẹ gbé ìgò jìnnà, ẹ di irun àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn. Ìṣáná gígùn ni kí ẹ lò, kí ẹ ṣá a sí etí páànù, kí ẹ wá dà á. Ewé holly tí wọ́n ń fi sí orí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó dáná. Èso pupa rẹ̀ ní májèlé, ọmọ kò gbọdọ̀ fi sẹ́nu. Oníke ni tiwa.

Iná náà kì í pupa. Búlúù ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lára púdìn bí omi, ó yí ìdí rẹ̀ ká nínú àwo, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó fọhùn, àfi fóònù:

"Àkànní! Iná ń jó oúnjẹ rẹ o!"

"Àwa la dá a, mà."

"Ẹ̀yin lẹ dá a? Lórí oúnjẹ?"

Ó ku owó. Mama ti yá wa síkísípẹ́ńsì ìyá rẹ̀, owó ẹyọ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1943 ló wà lára rẹ̀. Ìdajì owó náà jẹ́ fàdákà. Láti 1947 ni wọ́n ti ṣíwọ́ fífi fàdákà sí i, ní 1980 sì ni wọ́n kó o kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá bá a nínú àwo rẹ̀ ni oríire ọdún náà wà fún. Mama fẹ́ kí a sè é pọ̀ mọ́ ọn. N kò gbà, ẹ̀rù kí àbíkẹ́yìn má gbé e mì ló ń bà mí. Mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi bébà wé e nínlá kí ó lè hàn, mo sì tì í sábẹ́ ẹyọ kan nígbà tí mo ń gé e. N kò ní purọ́: ti àbíkẹ́yìn ni mo tì í sí. Ọmọ tó bi mí léèrè lọ́dún tó kọjá.

Ibi tí mo ti lọ mú ṣíbí, wọ́n ti pàrọ̀ àwo. Àgbà ló ké. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò kàn dìde lórí àga, ó gbé owó sókè, ó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ó sì di ọjọ́ kejì kí ó tó dá a padà fún Mama.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú

Èmi á dín ṣúgà kù sí gíráàmù 140 lọ́dún tó ń bọ̀. Ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́nu wa. Ariwo, ẹ má ṣe fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì lọ, ó máa ń fẹ́ borí gbogbo wọn. Ọ̀fíọ̀, wákàtí mẹ́rìnlélógún nínú omi, kò gbọdọ̀ dín. Bébà ìdí abọ́, ẹ gé e, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sì ti iṣẹ́ òru bọ̀ kí ẹ dáná lé e.

Nígbà tí mo kọ èyí, abọ́ kìíní, èyí tó ní bébà nídìí, ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mama ní ó lè dé Kérésìmesì tó ń bọ̀ láìbàjẹ́. Àbíkẹ́yìn ti kọ ìwé lé e lórí: "TI 2025. Ẹ MÁ JẸ Ẹ́. DÁDÌ NÁÀ."